Ta Ni Ọkùnrin Tó Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́ńjìnnì Yẹn?

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú dáńfó, ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún kọ̀ńdọ́ kó má baà gbé ṣéńjì yín lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń kà á ni, ẹ dín iná ojú fóònù kù, torí ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Fọ́tò la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: fọ́tò rélùwéè àtijọ́ tó ń jẹ èédú tó sì ń tú èéfín, fọ́tò ẹran, fọ́tò àwọn nǹkan tí à ń rí lójoojúmọ́ ní Èkó tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: àwọn èèyàn inú àwọn fọ́tò yẹn, ta ni wọ́n?

Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń kó fọ́tò rélùwéè Èkó jọ fún fídíò kan tí à ń ṣe. Ẹ gbọ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì dúdú ràbàtà kan dúró lórí irin. Ọkùnrin kan wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó fi àkísà kọ́ ọrùn. Èkejì dúró nílẹ̀, ó di agolo epo mú. Àwọn méjèèjì ń wo kámẹ́rà. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, àti “2-8-2”. Mo lọ wádìí kí ni 2-8-2 túmọ̀ sí. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n kà: kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín tó ń fa ẹrù, kékeré méjì lẹ́yìn. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River class, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí nìyẹn, orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi sọ wọ́n. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ka ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì lórúkọ, àmọ́ ọkùnrin méjì tó dúró síbẹ̀ kò tilẹ̀ rí “òṣìṣẹ́ méjì” gbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Erékùṣù ni Èkó. Ẹni tó ń há sínú gòsílóò lórí Third Mainland Bridge lójoojúmọ́ lè gbàgbé, àmọ́ omi ló yí i ká. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin ní 1896, Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí erékùṣù Èkó gan-an. Ọ̀nà náà gba Agége, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1901. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1902, wọ́n fa irin tóóró kan láti Ìddó gba orí Afárá Carter wọ inú erékùṣù. Tíráàmù ni wọ́n ń pè é, èéfín lòun náà fi ń rìn. Ó ń gbé èrò, ó ń gbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ inú Èkó kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó lálàá Blue Line.

Nígbà tó yá, wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn kún ti tíráàmù yìí, ẹni tó bá ń jẹun kó ní sùúrù díẹ̀. Ìgbẹ́ ni. Kò tíì sí ṣáláńgá olómi nílé àwọn èèyàn nígbà náà. Agbépòó ló ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú garawa lórí, tíráàmù a sì kó ohun tí wọ́n rù wá kúrò láàárín ìlú. Nígbà tí gbígbé èrò ti dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ìgbẹ́ yìí ṣì ń lọ, títí wọ́n fi pa tíráàmù náà tì ní 1933.

Mo ti rí fọ́tò tíráàmù yẹn. Mi ò tíì rí fọ́tò agbépòó kankan tó bá a ṣiṣẹ́. Kò sì yà mí lẹ́nu. Òru ni wọ́n ń jáde, ọ̀pọ̀ wọn a máa bojú kí ará àdúgbò má baà dá wọn mọ̀. Ta ló máa gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀, bí àwọn èèyàn yẹn bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré jókòó sílé, gómìnà fúnra rẹ̀ ò ní lè mí ní Marina.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ní kámẹ́rà nígbà yẹn o. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Neils Walwin Holm. Ará Accra ni, àmọ́ ní 1896, ọdún kan náà tí iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀, ó wá ṣí ilé ìyafọ́tò sí Èkó. Ó gbajúmọ̀ gan-an kó tó di pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ilé ìyafọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lówó ló ń jókòó síwájú kámẹ́rà: ọ̀gá ilé ìwé, oníṣòwò ńlá, ìyàwó tuntun tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú ooru Èkó. Mi ò dá wọn lẹ́bi, owó ilé ni kí wọ́n san. Ìjọba ń ya afárá àti irin, fọtógíráfà wa ń ya olówó. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ló máa ń bọ́ sí.

Kódà ẹni tó bá fẹ́ ya irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ṣe wàhálà díẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà tóbi bí àpótí aṣọ, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró, àwo dígí ni wọ́n fi ń gba àwòrán. Ohun tó bá sáré kọjá níwájú rẹ̀, rúdurùdu ló máa jáde. Ìdí nìyẹn tí rélùwéè inú fọ́tò àtijọ́ fi sábà máa ń dúró sójú kan, tí àwọn èèyàn sì dà bí ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n má mí. Ewúrẹ́ kì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò àtijọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: ẹ lè rí ewúrẹ́ olórí méjì níbẹ̀, tàbí ajá tí ìrù rẹ̀ ti di èéfín, torí pé ó mira nígbà tí gbogbo èèyàn dúró. Mo fẹ́ràn àwọn ẹran yẹn ju ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn nìkan ni wọn ò ṣe fọ́ọ̀mù.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ ro ó wò: ẹ́ńjìnnì dúdú, èéfín funfun, oòrùn ọ̀sán gangan, ọ̀gá ibùdókọ̀ nínú aṣọ funfun báláú. Bí fọtógíráfà bá ṣètò kámẹ́rà rẹ̀ kí aṣọ funfun má baà jó, ojú àwa adúláwọ̀ a di òjìji lásán. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tán sí ayé àwo dígí. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, ọdún gbọọrọ ni Kodak fi ń lo fọ́tò obìnrin òyìnbó kan, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, láti fi mọ̀ bóyá àwọ̀ fọ́tò dára tàbí kò dára. Bí ojú Shirley bá ti dán, wọ́n ti ṣe tán. Ojú tiwa ńkọ́? Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ya ẹnì kan níwájú ògiri funfun lónìí, ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka tẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó yà á.

Ní oṣù Kẹjọ 1968, ilé iṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀yìn ọkọ̀ eléèéfín wọn tì. Àwọn tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé lọ́hùn-ún ò lè sùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà káàkiri ayé, wọ́n ń lọ síbi tí èéfín ṣì ti ń jáde: Íńdíà, South Africa, ilẹ̀ adúláwọ̀ lápapọ̀. Mi ò bá wọn jà. Owó ara wọn ni wọ́n ná, wọ́n sì tọ́jú fọ́tò tí àwa fúnra wa ò bá ti jù nù. Àmọ́ irin ni wọ́n wá wò. Ẹni tó bá wá wo ẹṣin, kì í sábà bèèrè orúkọ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn tó wà lára àwọn èèyàn yẹn pọ̀ ju ti irin lọ. Ẹ gbé Michael Imoudu yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ní Èbúté Mẹ́ta, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ní 1941, nígbà tí ogun sọ ọjà di wọ́n tí owó oṣù ò sì kúrò lójú kan, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti òkè títí dé ọ̀dọ̀ gómìnà Bourdillon ní erékùṣù. Ní 1943, ìjọba lé e lọ sí Auchi kó má baà dá wàhálà sílẹ̀ mọ́. Ó padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945, Èkó sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní oṣù kan. Àwọn tó ń da èédú sínú iná yẹn, tí fọ́tò ò sọ orúkọ wọn, ọwọ́ wọn náà ni wọ́n ká gbera tí ọkọ̀ ò fi lè lọ.

Èédú ọ̀hún pàápàá, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Enugu ni wọ́n ti ń wà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá rí ẹ̀kún èédú dúdú kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì nínú fọ́tò, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, torí ebi ń pa mí bí mo ṣe ń gba ohùn yìí sílẹ̀. Búrẹ́dì Agége tí ẹ fi ń jẹ ẹ̀wà agànyìn, rélùwéè ló mú un wá. Ọkùnrin ará Jamaica kan, Amos Shackleford, ló wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ní 1921 ó ṣí ilé búrẹ́dì sí Èbúté Mẹ́ta, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Láti ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì fi tàn dé ẹ̀bá ọ̀nà irin ní Agége, níbi tí èrò ọkọ̀ ti ń ra á látojú fèrèsé. Nítorí náà, obìnrin tó gbé búrẹ́dì sórí nígun fọ́tò ibùdókọ̀ kan, ẹ má pè é ní ohun tó ṣèèṣì bọ́ sínú fọ́tò. Òun gan-an ni ìtàn.

Ẹran náà nínú ìtàn yìí kì í ṣe ewúrẹ́ olórí méjì nìkan. Ọkọ̀ ojú irin ló kó ẹgbàágbèje màlúù wá láti Òkè Ọya sí Èkó, kó tó di pé tírélà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkó tó ń jẹ ṣàkì àti pọ̀nmọ́ lójoojúmọ́, orí irin ni ẹran rẹ̀ gbà wá. Lónìí, ní Àpápá, ọkọ̀ tó ń gbé kọ̀nténà ló kù jù lórí irin àtijọ́ yẹn. Ó máa ń rọra rìn, débi pé ewúrẹ́ máa ń dúró wò ó kọjá bí onílé tó ń wo ayálégbé tuntun, lékeléke a sì máa ṣa kòkòrò jẹ nínú koríko àárín irin. Mo ti ya ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Kí lo fẹ́ fi fọ́tò ewúrẹ́ ṣe?” Mo ní kó dúró fún ogójì ọdún kó tún bi mí.

Àwọn kan ti mọ èyí ṣáájú wa. J. D. ’Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun dídì àwọn obìnrin wa. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ya èyí tó sún mọ́ 1,000. Nǹkan tí gbogbo ìyá ń ṣe fún ọmọ lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn orí, ó yà á bí ìgbà téèyàn ń ya ilé ọba. Ohun tó wù mí jù ni pé ó ń kọ orúkọ irun sílẹ̀: Onílé Gogoro, Ṣùkú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá kọ ọ́, ta ló máa mọ̀ lónìí? Akinbode Akinbiyi ńkọ́? Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, Berlin ló ń gbé, àmọ́ Èkó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń gbé kámẹ́rà Rolleiflex àtijọ́ kan kọ́rùn, a rọra máa rìn láàárín àwọn èèyàn, kò ní sáré, kò ní jí ẹnikẹ́ni yà. Ní 2024 ni ìlú Berlin fún un ní ẹ̀bùn Hannah Höch. Rírìn lásán ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary dé Wharf Road lójoojúmọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdajì tó kù ló le. Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé, Àpápá ni mo ti ń ya fọ́tò jù, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan ò ní bi mí pé, “Ta ló rán ẹ?” Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa fọ́tò mẹ́rìndínlógún rẹ́ kó tó dá a padà. Fọ́tò irin ni, fọ́tò obìnrin tó ń ta agbo, fọ́tò ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nténà. Mo yé e pé ààbò wọ́ọ̀fù ṣe pàtàkì. Àmọ́ òyìnbó àtijọ́ ya ibi kan náà láìsí wàhálà, fọ́tò tirẹ̀ sì ni àwa ń wò lónìí. Ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, kìlómítà 157, ó dé Àpápá yìí. Òun náà máa di àtijọ́. Bí àwọn tó ń gbá ibùdókọ̀ rẹ̀ ò bá sí nínú fọ́tò wa, a ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní ibi tí èèyàn ti lè wá àwọn ti àtijọ́. Ní 2011, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ilẹ̀ adúláwọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí Flickr, wọ́n pe àkójọ náà ní Africa Through a Lens, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá mọ ibi kan tàbí ẹnì kan nínú fọ́tò sọ fún wọn. Ẹ ò rí i? Àwọn tó ya fọ́tò náà ń bi wá léèrè. Nílé níbí, Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé òyìnbó àtijọ́ kan tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí wọ́n kó fọ́tò àti irinṣẹ́ rélùwéè sí. Dáńfó kan láti ọ̀dọ̀ wa ló máa gbé yín dé ìtòsí rẹ̀.

Èmi gbé tèmi lọ bá ẹni tó mọ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Rélùwéè ni wọ́n ṣe ní Àpápá nígbà èwe wọn. Wọn ò fẹ́ kí n dárúkọ wọn, mo sì gbà. Mo na fóònù sí wọn, mo fi fọ́tò ọkùnrin méjì àti ẹ́ńjìnnì dúdú yẹn hàn wọ́n, mo fẹ̀ ẹ́ kó tóbi lójú wọn.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Èyí tó wà lókè tó fi àkísà kọ́rùn yìí, fáyámáànù nìyẹn. Èédú ló ń bù sínú iná. Wo èjìká rẹ̀ ọ̀tún, ṣé o rí i bó ṣe ga ju tòsì lọ? Ṣọ́bìrì ló ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Ẹni tó di agolo epo mú ńkọ́, Bàbá?”

“Awakọ̀ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu epo sí oríkèé ẹ́ńjìnnì kó tó gbéra. Kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ iṣẹ́. Bí nǹkan bá ká lójú ọ̀nà, òun ni wọ́n máa mú.” Wọ́n tún sún mọ́ ọn. “Ẹni yìí ò tíì gbéra. Bàtà rẹ̀ ṣì mọ́.”

Mo bi wọ́n bóyá àwọn náà ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wọlé, wọ́n mú káàdì iṣẹ́ wọn jáde, fọ́tò pasipọ́ọ̀tù kékeré ló wà lára rẹ̀, igun rẹ̀ kan ti jẹrà. Ìyẹn nìkan ló wà. Wọ́n sọ fún mi bí èédú Enugu ṣe dáwọ́ dúró nígbà ogun abẹ́lé, bí ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù ṣe gba iṣẹ́, bí wọ́n ṣe gbé àwọn kúrò nídìí iná lọ sídìí ẹrù. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ti kú àti ẹni tó wà láyé. Márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ rántí. Ìjẹ̀bú Òde, Warri, Ìlọrin, Abẹ́òkúta, ìkárùn-ún jẹ́ ará Togo. Mo kọ orúkọ, mo kọ ìlú, mo kọ iṣẹ́ tí kálukú ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ pa fóònù, Bàbá na ọwọ́ dá mi dúró.

“Kọ ìnagijẹ rẹ̀ síbẹ̀, ti ará Warri yẹn,” ni wọ́n wí. “Ní gbogbo wọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.”